Ìdí Ni A Ti Ń Tì Í

Ní Mọ̀pà, nínú yàrá tí bàbá wa kú sí,
Ọlọ́runnípá fi fóòmù òun gíláàsì kan bàálù.
Apá kékeré wà ní imú rẹ̀,
ẹ́ńjìnnì wà nídìí, abẹ̀bẹ̀ kọjú sẹ́yìn.
Àwọn ará àdúgbò ní, "Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni yóò máa fò."
Ó ní, "Nígbà tí lọ́rì iṣu kú
sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìyàrá,
ṣebí ìdí la ti tì í?"

Ọdún méje. Òórùn résìn wọnú gàrí wa.
Lánàá ó parí.
Ilẹ̀kùn ò gbà á.

Ìyá wa ò sọ nǹkan kan.
Ó wọlé,
ó yọ fọ́tò bàbá kúrò lára ògiri,
ó nu eruku rẹ̀,
ó wá gbé òòlù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.