Mi Ò Sùn

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìdù, níbi tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì,
bí ènìyàn mẹ́wàá bá kí mi, mẹ́sàn-án á ní:
"Sannu. Kin gaji, ko?"
Aago méje àárọ̀ nìyẹn o.
Mo ti sun àsùnjí, mo ti fomi tútù bọ́jú,
mo lé tìróò títí.
Ojú ọ̀tún ṣì ń wò bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ tì.

Ọ̀gá Bitrus kọ̀wé sí mi:
Ìyáàfin Morónkéjì ń sùn lẹ́nu iṣẹ́.
Mo ní mi ò sùn.
Ó ní kí n gbójú sókè kí n tún un sọ.
Mo gbójú sókè. Iwájú orí mi ló gbéra,
ìpéǹpéjú dúró síbi tó wà.

Lálẹ́, ní Kubwa, mo gé sẹ́lótéèpù,
mo fi gbé e sókè, bí ẹni ń lẹ owó tó ya.
Ọmọ mi rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo sunkún díẹ̀,
sẹ́lótéèpù bá ṣí.

Dókítà Talatu ní Kaduna ò béèrè bóyá mo sùn.
Ó yọ rúlà, rúlà ọmọ iléèwé,
ó fi àtàǹpàkò tẹ irun ojú mi mọ́lẹ̀ kó má baà ràn mí lọ́wọ́:
"Wo òkè. Wo ilẹ̀."
Ó ní, "Kì í ṣe oorun. Iṣan tó ń gbé e ló dẹ̀,
bíi rọ́bà ṣòkòtò tó ti pẹ́.
Iwájú orí rẹ ló ń bá a ṣiṣẹ́;
ẹ̀fọ́rí ìrọ̀lẹ́ yẹn, owó iṣẹ́ ẹ̀ ló ń bèèrè."
A ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ abẹ tó dé.

Ó wá fi ìka kan gbé e sókè.

Aláǹtakùn wà lájà.
Dógóyárò ẹ̀yìn fèrèsé ní orí.
Mi ò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ojú yìí gan-an ni màmá mi gbé wọ sàréè l'Ọ́fà.
Olóorun là ń pè é, a sì ń rẹ́rìn-ín.
Ìdajì wa ló ń rí. Kò sọ.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ.
Kó tó dìgbà náà,
mo ti fi sẹ́lótéèpù tó ṣẹ́kù lẹ ìwé mọ́ gíláàsì tíkẹ́ẹ̀tì:
Mi ò sùn.
Ibo lẹ̀ ń lọ?