Àwo Kékeré

Ní Wíńípẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì,
òtútù ń bu ni létí jẹ bí ẹni tí a jẹ lówó.
Mo gbọn yìnyín kúrò ní bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
mo ka owó nínú àpò láìyọ ọ́ síta:
igba dọ́là ó lé ogójì,
owó iṣẹ́ òru mẹ́ta nílé àwọn arúgbó
níbi tí mo ti ń yí bàbá oníbàbá padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kámẹ́rà tò bẹẹrẹ lórí pẹpẹ,
wọ́n fi wáyà so wọ́n mọ́lẹ̀
bí ewúrẹ́ tó ti jẹ iṣu oníṣu rí.
Reynaldo, ọmọ Fílípìnì tó ń tajà, kò wo bàtà mi.
Ó ní, "Èyí tó ń lo téèpù ló dáa jù,
àwòrán rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ ò sì ga."
Òótọ́ ni. N ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n bí téèpù bá dé Ìkìrun,
ẹ̀rọ wo ni yóò jẹ ẹ́ fún ìyá mi?

Ìyá mi ò ní kọ̀ǹpútà.
Ẹ̀rọ àwo kan ló ní, dúdú, olówó pọ́ọ́kú,
tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún un lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.
Ó máa ń faṣọ bò ó bí ọmọ tó sùn,
bọ́tìnnì méjì péré ló sì mọ̀ níbẹ̀:
èyí tó ń la ẹnu rẹ̀, èyí tó ń pa á dé.
Nítorí bọ́tìnnì méjì yẹn ni mo ṣe wá sọ́jà.

Mo ní, "Fi ti aláwo hàn mí."
Ikùn rẹ̀ yọ síta bí ti ọmọ tó yó.
Àwo inú rẹ̀ ò ju ẹnu ife tíì lọ,
ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kún.
Bí ó bá kún, a gbọ́dọ̀ tì í pa
kó tó lè sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ mìíràn;
bí a bá gbàgbé, òfìfo ni ìyá yóò máa wò.
Mo kọ ìyẹn sẹ́yìn ọwọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là dín kan. Mo dákẹ́.
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Reynaldo wò mí, ó wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde
pẹ̀lú òmíràn tí gbogbo ayé ti fọwọ́ pa,
tí ó họ létí, tí páálí rẹ̀ ti sọnù:
igba dọ́là ó lé mẹ́sàn-án.
Ìjọba gba tiwọn lé e. Owó bọ́ọ̀sì ló kù sí mi lọ́wọ́.
Ó fi àwo mẹ́ta ṣe èènì.
Ó tún yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwájú,
ó ní mo lè máa rí ojú ara mi bí mo ti ń yà á.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ fi ojú ara mi ṣe?

Mo ya Móradéún tó ń fahọ́n tọ́ yìnyín wò.
Mo ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dín dòdò, tó ń lé mi.
Mo ya ọ̀kẹ́rẹ́ kan tí kò bẹ̀rù ènìyàn.
Àwo méjì kún. Mo tì wọ́n pa.
Mo fi rán Alàgbà Fákúnlé tó ń lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù dún ní kùtùkùtù.
Ìyá súre fún kámẹ́rà, ó súre fún ẹni tó tà á,
ó ní iwájú orí bàbá mi gẹ́lẹ́ lọmọ náà gbé.
Ó wá dákẹ́, mo rò pé káàdì ti tán.
"Ohùn rẹ ni mò ń gbọ́ káàkiri:
wòkè, rẹ́rìn-ín, má ṣubú.
Mo tiẹ̀ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Ojú tìrẹ dà?"

Àwo kan ló kù.
Mo gbé kámẹ́rà ka orí fíríìjì, mo yí gíláàsì síra mi.
Irùngbọ̀n mi ti funfun lápá kan; kò sẹ́ni tó sọ fún mi.
Iná pupa ń ṣẹ́jú.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni,
mo sì ti fi mẹ́rin wá ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ.