Kàǹga Nínú Lẹ́tà Bàbá

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní Òkèsà, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń yan,
Bàbá Fáróunbí pè mí kúrò nídìí ayò.
"Gbé bírò rẹ wá. Láwánì, akọ̀wé rélùwéè ní Ọ̀fà,
ó ní òun kì í gba ìwé gbèsè
àfi tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Aṣọ àrán méjì. Òjò méjì ti rọ̀ lé e lórí.
Bàbá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà rí,
òṣó tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń tìtorí rẹ̀ dún;
Láwánì gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó wọ ọkọ̀ ojú irin,
ó di Jẹ́bà.

"Kọ ọ́ pé àkókò ti kọjá."
Mo kọ ọ́.
"Kọjá báwo?
Ọ̀rọ̀ tí kò nírù, màlúù tí wọ́n gé nírù ni,
kò ní ohun tí yóò fi lé eṣinṣin.
Kọjá réré. Fi ìrù sí i."

Mo rántí Tíṣà Ọ̀ṣúnlékè,
ẹni tó kọ́ wa ní Túsìdeè
pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi tirẹ̀ sí ìdí, iwájú ní ń tì í sí,
bí ẹni tó ní kí ọmọdé ṣíwájú àlejò wọlé.
Bó bá fẹ́ sọ pé nǹkan kọjá réré, á ní
wẹ́ẹ̀lì pásìtì.
Mo kọ wẹ́ẹ̀lì. Mo kà á sókè.

"Kí ní ń jẹ́ wẹ́ẹ̀lì?"
Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Mo nàka sí ẹ̀yìn ulé.
"Kàǹga?" Bàbá dìde jókòó.
"Kàǹga wo ló débi owó mi?"

Mo pa á rẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká sọ pé
kó san án lásìkò gẹ́lẹ́.
Gẹ́lẹ́ ń jẹ́ ráìtì. Ráìtì ń jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún.
"Ta ló bi í léèrè ọwọ́ tí yóò fi san án?
Kó fi òsì san án, n óò gbà á."

Ó ku ọ̀kan nínú ìwé mi: dẹ́ẹ̀dì ọn táìmù.
Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó túmọ̀ rẹ̀.
Bàbá fọwọ́ bò mí lẹ́nu.
"Má dárúkọ òkú nínú lẹ́tà owó!
Bó bá kú, ẹnu ọ̀nà ta ni n óò lóṣòó sí?"

A wá jókòó bẹ́ẹ̀.
Lẹ́yìn ilé, àbúrò mi ju garawa sínú kàǹga,
gbòḿ.
Kò sẹ́ni tó bi garawa léèrè ìtumọ̀.

"Láwánì gbọ́ Yorùbá, àbí kò gbọ́?"
"Ó gbọ́, Bàbá."
"Jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ṣe orí. Kí tiwa ṣe ìrù."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í ránṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì lódindi, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀,
ṣùgbọ́n ní ìparí ìlà, ọ̀rọ̀ kan á ti lóṣòó síbẹ̀,
réré,
gẹ́lẹ́,
pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó dé. Ìdajì péré.
Láwánì kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyókù ń bọ̀,
ó wá so ìrù tirẹ̀ mọ́ ọn: díẹ̀díẹ̀.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.
A ò rí ìyókù.

Èmi náà ló ń kọ́ wọn báyìí, ní Ìjọ̀kà.
Mo ní ráìtì yìí kì í ṣe ọwọ́, dẹ́ẹ̀dì yìí kò kú,
wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ wéréwéré, wọn ò jiyàn.
Àfi Morádéún, tó na ọwọ́ òsì sókè lánàá:
"Tíṣà, wẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

Mo wo ojú fèrèsé pẹ́.
Mo ní ìyẹn nìkan ni n kò tíì rídìí rẹ̀.