Àpò Sìmẹ́ǹtì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àpò sìmẹ́ǹtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Òkèlele,
ìwé tí kò rílé gbé ló kún inú rẹ̀.
Eku ti jẹ etí ìtàn kan,
òjò ti mu òmíràn yó.
Ìbàdàn ni mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí nígbà náà;
wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo:
"A dúpẹ́. Kò bá wa mu."
Ṣé ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń rán bàtà fún?

Ìyá Ràbí amọ̀kòkò, ojúlé kejì sí tiwa,
kì í da àpáàdì nù.
Ìkòkò tó fọ́ nínú iná lánàá,
á gún un lódó, á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́,
á pò ó mọ́ amọ̀ tútù.
Ó ní, "Ẹ̀rù iná máa ń ba amọ̀ tuntun.
Èyí tó ti fọ́ rí ni yóò kọ́ ọ ní sùúrù."
N kò fèsì. Mo wọlé, mo fa àpò jáde.

Ìtàn Múṣẹ́lí, ojú-ìwé mọ́kànlélógójì:
mo yọ ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ nínú rẹ̀,
mo sọ ọ́ di eré ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Rédíò gbà á, wọ́n ní kí n fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i.
Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Òjò tí wọ́n ní ó gùn jù,
Sàlíù onípáànù ló fowó rà á:
gbólóhùn mẹ́rin péré, ọ̀dà búlúù, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.
Ẹni tó ń lọ Òpómàlúù a dúró, a kà á,
a wojú ọ̀run.

Ewì tí mo kọ nígbà tí Bílíkí kó lọ Kàdúná,
mo yí "ìwọ" padà sí "ẹ̀yin";
àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kà á l'Ọ́fà níjọ́ ìdágbére.
Mo gbọ́ pé olùkọ́ kan sunkún.
Èmi, gáàsì ni mo fi owó rẹ̀ rà.

Ojú-ìwé kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀ àpò:
bàbá mi ń ti kẹ̀kẹ́ gba orí afárá Asà,
táyà ti jò, ó ń súfèé.
Kò sí ìtàn níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn.
Rédíò kò fẹ́ ẹ. Ta ni n bá tà á fún?
Mo kà á fún Ìyá Ràbí, ọwọ́ rẹ̀ nínú amọ̀.
Ó dákẹ́ títí.
Ó ní, "Èyí kò tíì fọ́ tó."

Mo dá a padà sápò.