Ìka Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fún ọmọ ènìyàn àti ẹkùn:
èékánná.
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó ń wí.

Ìsọ̀ mi kò ju yàrá kan lọ, lọ́nà Àjàrá,
tábìlì, ìjókòó méjì, fìtílà aláwọ̀ aró
tó máa ń kú bí iná ìjọba bá ti kú.
Àwọn ọmọge Àjàṣẹ́ ń gun zẹ́mì wá bá mi.
Ọ̀kan fẹ́ ti ológbò,
ọ̀kan fẹ́ ìrù àkekèé tó ká sókè.
Vikitọríìnì tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ fẹ́ ọwọ́ alákàn,
kí ṣóńṣó rẹ̀ là sí méjì.
Mo ní, “Abẹ́rẹ́ ńkọ́?”
Ó ní ẹnu lòun yóò máa fi mú un.

Ti ológbò kò le.
Dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kù, jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga díẹ̀,
kí ẹnu rẹ̀ wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ronú.
Ti àṣá ló ń gba sùúrù.

Rafíátù wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan,
opó, tó ń yan ẹja létí ọ̀sà,
èéfín ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.
“Ṣe ti àṣá fún mi.
Àwọn ará ilé ọkọ mi ń pè mí sípàdé lọ́la.”
N kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi ayùn kékeré ha ojú èékánná títí dídán rẹ̀ fi kú,
nítorí ohun tó bá ń dán kì í di nǹkan mú.
Mo ki bébà onígóòlù bọ abẹ́ rẹ̀,
mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ọ̀nà náà lè rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Mo ri búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, mo fi kan ẹ̀tù:
ìṣù kan wú lẹ́nu rẹ̀, ó tó hóró ẹ̀wà.
Àkọ́kọ́, mo fà á tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ṣóńṣó.
Èkejì, mo gbé e ka àárín, kí ibẹ̀ nípọn,
torí ibẹ̀ ni gbogbo ìnira máa ń sinmi sí.
Nígbà tó fẹ́ le tí kò tíì le,
àkókò tí kò ju kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ,
mo fún un pọ̀, mo tẹ orí rẹ̀ ba.
Bí o bá yá jù, ó wó.
Bí o bá pẹ́, ó kán.
Iná kú nígbà tí mo dé ìka kẹfà.
Ó fi eyín di fóònù rẹ̀ mú, ó tànmọ́lẹ̀ sí mi.

(Ìyá mi kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.
Ó ní àṣá kì í fọ àwo.
Òótọ́ ni. Àṣá kì í fọ àwo.)

Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá.
Ó ní wọ́n gbé ìwé kalẹ̀, èdè Faransé, ojú ewé mẹ́rin.
Àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣí yíǹkì:
“Ìyàwó wa, tẹ̀ka síbí.”
Ó tẹ̀ ẹ́.
Èékánná kọ́kọ́ débẹ̀, ìka kò dé.
Ó dà á sọ́tùn-ún, ó dà á sósì,
ilà tín-ín-rín kan ṣoṣo ló hàn,
bí ibi tí ẹyẹ gbà kọjá nínú ẹrọ̀fọ̀.
Wọ́n ní kó gé e. Ó ní ẹgbẹ̀rún méje sẹ́fà ni.
Wọ́n ń jiyàn lórí abẹ, ẹnìkan ń wá sísọ́ọ̀sì,
ó ká ìwé náà sábẹ́ ìró, ó gba ilé lọ.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kà á fún un:
ilé náà ni, láti ìpìlẹ̀ dé páànù.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi lórí tábìlì.
“Yọ mẹ́sàn-án, ẹja ń dúró dè mí.
Fi ti àtàǹpàkò sílẹ̀
títí ilé-ẹjọ́ yóò fi ṣí.”