Géèjì

Ní Zuba, lẹ́bàá títì tó lọ sí Kaduna,
ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi ló ń jí àwọn awakọ̀.
Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ki géèjì bọ táyà lẹ́nu:
"Ọgbọ̀n. Ó kù díẹ̀. Márùndínlógójì. Ó tó."
Kò sí táyà tó bi mí rí pé, ìwọ ńkọ́, Láṣebìkan,
mélòó ló wà nínú tìẹ?

Àfi Tálátù, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú iṣan ní ọsibítù Gwagwalada.
Ó wá fẹ́ táyà, ó ní, "Bàbá, ẹni tí ara rẹ̀ le ni mò ń wá."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wá ẹni tí ara rẹ̀ le lọ sí ọsibítù?
Ó ní ìwé tí àwọn fi ń díwọ̀n aláìsàn,
ará ìlú òtútù ni wọ́n fi kọ ọ́;
òun ò tíì rí èyí tí wọ́n fi wa kọ,
àwa tí à ń mí eruku ọyẹ́, tí à ń mí èéfín tírélà.
"Bí a ò bá mọ ibi tí odò kún dé,
báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti fà?"

Yàrá náà ń ta òórùn ìsáàlì.
Ó fi nǹkan bí ìpáṣọ há mi nímú,
ó ki ọ̀pá róbà bọ̀ mí lẹ́nu,
bí mo ṣe ń ṣe é fún táyà gan-an.
"Ẹ tú gbogbo rẹ̀ síta. Gbogbo ẹ̀.
Ó yá, ẹ fà! Ja, Baba, ja!"
Mo fà. Kò sóhun tó wọlé.
Wọ́n ti dí ọ̀pá náà lódìkejì.
Mo ń fa ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa,
ikùn mi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ojú mi pọ́n bí ẹyin iná,
abẹ́rẹ́ inú aago kékeré náà ń gùn, ó ń gbọ̀n,
ó dúró.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n.
Ìjàkadì ni.

Ó kan fífẹ́. Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú kó má baà wú.
Ẹnìkan ò dì mí lẹ́rẹ̀kẹ́ mú bẹ́ẹ̀
látìgbà tí ìyá mi ti ń rọ mí lágbo.

Fífà, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Fífẹ́, ọgọ́rùn-ún lé mọ́kànlá.
Mo ní kí n tún un ṣe. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó bára mu ti tó.
Mo bẹ̀ ẹ́, nítorí Làdí tó ń dín kósáì lẹ́nu géètì,
tí kò sanra ju ọwọ̀ lọ,
ti fẹ́ tirẹ̀ kọjá tèmi:
gbogbo iná igi tútù tó ti fẹnu fẹ́ láti kékeré
ló dìde láyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ń jáde, mo gba ẹnu wọ́ọ̀dù kan kọjá.
Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí,
irú aago yẹn lẹ́nu rẹ̀.
Ó fà, ó fà,
abẹ́rẹ́ ò kúrò lẹ́bàá òdo.
Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì í, ó ń bá a fà,
láìsí ọ̀pá kankan lẹ́nu tirẹ̀.

Ọṣẹ kan àti omi inú ọ̀rá méjì ni wọ́n fún mi.
Mo bá Gọ́ọ̀fù kan ní ṣọ́ọ̀bù, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀.
Mo ki géèjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Mẹ́jọ," mo wí.
Awakọ̀ ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń mí kanlẹ̀ báyìí?"
Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo mí.