Igbó Tó Ń Kọrin

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, òjò dídì ń bọ́ lórí Nẹbráskà,
àwa mọ́kànlélógún péré nínú ilé sinimá tó ń jò,
gúgúrú lọ́wọ́, ẹ̀wù òtútù lọ́rùn,
à ń wo fíìmù tí wọ́n fi ń fi ìbẹ̀rù àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló kọ́kọ́ yọjú, ó fi pàṣán na pátákó:
"Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́! Ewé kan ti wọ̀lú."
Ó ní ewé náà léyín. Ó ní ó gbọ́ èdè mẹ́ta.
Ó ní ó mọ orúkọ ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àwọn ìyá oníbọ̀wọ́ funfun ń dákú lẹ́sẹẹsẹ,
wọ́n ń dákú bá orin mu,
wọ́n sì ń dìde kíá láti gbe ègbè.

Wendell, ọmọ dáadáa, ọmọ tí í mu wàrà kó tó sùn,
fa èéfín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dákun!
Kí èéfín ó tó dé imú, ó ti ta dùùrù ìyá rẹ̀.
Kó tó wúkọ́, ó ti ń bẹ́ lórí òrùlé báǹkì,
ó ń fi ṣòkòtò pàsítọ̀ juwọ́ sí ọkọ̀ ojú irin.
Ni igbó fúnra rẹ̀ bá jáde látinú ìkòkò òdòdó,
ó ga bí àká àgbàdo, ó wọ bàtà dídán,
ó ń kọrin ìfẹ́ ní ohùn ìsàlẹ̀,
ọlọ́pàá mẹ́jọ ń jó tẹ̀lé e,
ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ wọn ń dún wọnranwọnran.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.
Ẹni tí kò dé igbó rí
ló máa ń mọ iye ẹkùn tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá Verna Hruska, tí mo wà á wá,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ló rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Ó ń fi ọ̀pá kanlẹ̀,
gúgúrú ń fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí tata.
Nígbà tí wọ́n dé kóòtù,
tí àwọn ìgbìmọ̀ kọrin "Ó jẹ̀bi, ó jẹ̀bi o!"
kí adájọ́ ó tó béèrè ẹ̀sùn,
ó tẹ̀ sí mi létí. Ó ní:
"Adájọ́ tiwa ò kọrin. Ápù ló ń jẹ."

Bohumil ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ ogún ọdún.
Ohun tí wọ́n bá lápò rẹ̀
kò tó èyí tí ewúrẹ́ yóò fi panu.
Ọdún mẹ́rin.
Ewé kan náà ń hù lẹ́bàá ojú irin, ó ń dá ara rẹ̀ gbìn,
ó ń mi orí sí gbogbo ẹni tó ń kọjá,
kò sẹ́ni tó mú un.
Bohumil padà dé, ó ń tún aago ṣe ní yàrá ẹ̀yìn,
bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á pa fìtílà.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo na gúgúrú mi sí i.
Ó bù ú, ó tún ń rẹ́rìn-ín,
igbó ń jó lójú dígí rẹ̀, ní kékeré, lẹ́ẹ̀méjì.

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn bí a ṣe ń jáde:
ìpàdé ní ilé-ìwé girama, Ọjọ́rú, aago méje,
nípa ohun tuntun kan tí àwọn ọmọ ń fà símú.
"Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́!"
Màmá Verna kà á sókè, ó fi orin inú fíìmù kà á,
ó ṣi ohùn rẹ̀ kọ.
Ọmọ tó ń gbálẹ̀ gbe ègbè fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo di apá rẹ̀ mú.
Òjò dídì ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà níta,
a dúró, a ò mọ èwo ni tiwa.